Gílóòbù Méjì Nínú Pálọ̀ Bàbá

Ẹ jẹ́ kí n bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá ní kí n rọra, kó kọ́kọ́ wá jókòó sí pálọ̀ wa ní Ùró, ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, kí n sọ fún un ohun tí Lékan ṣe.

Lékan ni àbúrò mi, òun nìkan sì ni ọkùnrin tí ìyá wa bí. Àkúrẹ́ ló ń gbé, ó ti rí towó ṣe, a ò sì gbádùn mọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá wa kú, a pe fóònù rẹ̀ títí, ó ní òun wà ní mítìǹgì. Èmi Rachael àti Bàbá nìkan la jókòó tì wọ́n títí tí èémí fi tán. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti dákẹ́. Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ lóko kòkó! Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n títí ó fi sú mi.

A ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, níbi tí ìyá wa ti dá orin. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń bá èèyàn kó o sórí fóònù, mo sì sáré délé wá tẹ̀ ẹ́ fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní ohùn agolo ni, pé kì í ṣe ìyàwó àwọn nìyẹn. Ó dùn mí wọra.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo fi gbọ́ nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní dáàkì. Orin inú fóònù, nọ́ńbà lásán ni. Dáàkì yìí ló ń sọ nọ́ńbà di ohùn kó tó wọ inú áńpù tó ń gbé ohùn sókè. Èyí tí mo rà kò ju búrẹ́dì kékeré lọ, gílóòbù kéékèèké méjì ló yọ orí jáde lókè rẹ̀, wọ́n á sì máa pọ́n bí ẹ̀yin iná. Kò wọ́n rárá, àwọn olówó á fi ṣẹ̀sín ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní gílóòbù yẹn kò ṣe ju pé ó ń bu adùn díẹ̀ sórin lọ. Kó bù ú nígbà náà! Ta ni adùn ń pa lára? Mo so ó mọ́ fóònù mi, mo sì so ó mọ́ áńpù àtijọ́ Bàbá àti sípíkà onípákó wọn.

Mo dúró kí gílóòbù gbóná, mo tẹ orin. Bàbá ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé ni wọ́n bá dúró. Ìyá wa, kí wọ́n tó gbé ibi tó ga nínú orin, wọ́n máa ń fa èémí sínú díẹ̀. Ẹni tó bá jókòó nítòsí wọn nìkan ló máa ń gbọ́ ọ. Bàbá di ilẹ̀kùn mú.

"Ó mí," ni wọ́n wí. "Rachael, ìyá rẹ mí."

Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá ti dé báyìí, Bàbá ti wà ní pálọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní tó bá di ìrántí ọdún kan ìyá wa, àwọn á pe àwọn tí àwọn jọ ń kọrin láyé ìgbà yẹn, Bàbá Akínpẹ̀lú àti àwọn yòókù, kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Wọ́n ti mọ ibi tí oníkálukú máa jókòó sí.

Ọjọ́ pé, Lékan àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ìyàwó rẹ̀, dé láàárọ̀. Ẹ̀rín ni Lékan kọ́kọ́ rín. Ó ní gílóòbù ha tún kù nínú rédíò láyé ìsinsìnyí, pé ṣé wọn ò lù mí ní jìbìtì báyìí. Mo gbé e mì, torí ọjọ́ ìyá wa ni.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe pálọ̀ lọ́jọ́ àlejò: àwọn aṣọ funfun olójú-ihò tí a fọwọ́ hun, tí a fi sítáàṣì sí tó gan, a ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn àga, a ó tẹ́ ẹ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá wa ló hun tiwa. Mo ti tan dáàkì sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó dé. Kí n tó wọ kíṣìnnì, mo là á yé Lékan pé kí wọ́n má da nǹkankan bo ẹ̀rọ yẹn, pé ó ń gbóná, pé dígí ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbọ́. Ọ̀gá Lékan ní rárá, ìhòòhò báyìí kò bójú mu lójú àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ aṣọ lé e. Òun fúnra rẹ̀ náà ló gbé fọ́tò ńlá ìyá wa, tòun ti férémù rẹ̀, lé aṣọ lórí, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn á ti rí wọn dáadáa.

Ọbẹ̀ ni mo ń rò lórí iná tí mo gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Kí n tó sáré dé pálọ̀, férémù ti tẹ gílóòbù kan fọ́, aṣọ ìyá wa ti pọ́n láàárín. Àwọn àgbà ti jókòó. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń ṣa dígí.

Ṣé ẹ rò pé Lékan á ní ká má bínú? Ojú rẹ̀ gbẹ! Ó ní bí nǹkan pọ́ọ́kú ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó sì lọ gbé sípíkà ńlá dúdú kan jáde nínú búùtù mọ́tò, èyí tí iná pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó gba fóònù mi, ó tẹ orin ìyá wa. Gbogbo wíńdò ń gbọ̀n. Àwọn àgbà ń mi orí kí ojú má bàa tì í, Lékan ń wojú wọn kí wọ́n yìn ín.

Bàbá dìde. Wọ́n ní kó pa á.

"Ìyá yín ò mí nínú eléyìí," ni Bàbá wí. "Mo ti jókòó tì í lọ́jọ́ tí kò mí mọ́. Ìwọ ò sí níbẹ̀, Lékan. Má tún gbé e wá bá mi nínú ulé yìí."

Wọ́n wọ yàrá lọ. Bàbá Akínpẹ̀lú ṣí fìlà. Lékan lọ kan ilẹ̀kùn yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń pe Bàbá, ilẹ̀kùn ò ṣí. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò sì lè wò mí. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Gílóòbù kì í ṣòro rà, mo ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni Lékan ń pè mí láti Àkúrẹ́ pé ṣé ó ti dé, pé ṣé Bàbá ti jáde. Mo ní rárá, méjèèjì. Bó bá dé, òun ni mo máa pè kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ti gílóòbù náà bọ ojú ihò rẹ̀. Á jókòó sílẹ̀, á sinmi ẹnu, títí gílóòbù á fi gbóná, kóun náà tó gbọ́ ibi tí ìyá wa ti mí.