Ìwé Tí Wọ́n Ṣà Bí Aṣọ Oníbàárà

Ìwé kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé alágbàfọ̀ yìí ká, ìwé lásán-làsàn. Ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn: oòrùn ti kú, òkú ń rìn káàkiri. Obìnrin mẹ́ta ló ń gbà á sọ lẹ́nu ara wọn: ọbabìnrin kan, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aṣọ́bodè ìlú, àti àjẹ́ kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ló ni ilé alágbàfọ̀ náà; Àbúrò ló ra ìwé yìí. Àbúrò ló ń fọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀gbọ́n ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Ìyá wọn ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn.

Bí Ẹ̀gbọ́n bá ní kí òun gbé ìwé báyìí, ọwọ́ Àbúrò tó kún fún ọṣẹ ti wà lára rẹ̀. Bí Àbúrò bá sì ti kà síwájú, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó sú Ẹ̀gbọ́n. Ó ní ṣebí tí aṣọ èèyàn mẹ́wàá bá dà pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń ṣà á, tí ti kálukú á wà nínú àpò tirẹ̀. Ló bá mú abẹ, ó gé ìwé olówó iyebíye, ó kó ti ọbabìnrin sápò kan, ti aṣọ́bodè sápò kejì, ti àjẹ́ sápò kẹta. Ó mú ti ọbabìnrin, ó ju ti aṣọ́bodè sí Àbúrò, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni kó mú àjẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà!

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Nínú ti ọbabìnrin, aṣọ́bodè ṣàdédé ṣí ẹnubodè ni, àwọn òkú sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àbúrò ní kí ni Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Tíṣà kan tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n ní kó dájọ́. Ó ní òun ò ka ìwé náà, àwọn méjèèjì sì pòṣé sí i.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ju ìwé lọ. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan nílùú mìíràn ti ní kí Àbúrò wá ṣe ọ̀gá àwọn afọṣọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi Ẹ̀gbọ́n pé kí lẹ rí sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á sọ ọ́, tó sì gbé áyọ́ọ̀nù. Kò mọ bí òun á ṣe máa dá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, Àbúrò lọ sá aṣọ. Kíá, Ẹ̀gbọ́n ti ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ́bodè, ó ń wá ẹ̀rí tó máa fi pa á lẹ́nu mọ́. Òòró ló dúró kà á. Ọdún mọ́kànlá ni aṣọ́bodè fi dúró nínú òtútù. Lọ́dọọdún ló ń ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa lọ, èsì ò wá. Ìgbà tó ṣí ẹnubodè, ó fẹ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Àwọn òkú kàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n tú ti ọbabìnrin yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò sí iṣẹ́ tí aṣọ́bodè ń rán níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Obìnrin yẹn ò tiẹ̀ kà á sí ọ̀rọ̀. Inú bí Ẹ̀gbọ́n sí i débi pé ó fẹ́ la ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà náà ni bébà kan já bọ́ láti inú ti aṣọ́bodè. Lẹ́tà tí Àbúrò kọ sí òtẹ́ẹ̀lì ni: ẹ ṣeun, mi ò ní lè wá, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dá mi lóhùn. Ọ̀la ni wọ́n ń retí èsì.

Àbúrò gbé agbọ̀n wọlé, ó rí lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Máa lọ,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò gbé agbọ̀n kalẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí àpò ọbabìnrin. “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n ka ti ọbabìnrin ná. Mo fẹ́ mọ ìdí tí kò fi dáhùn.”

“Kò kọ ọ́ síbẹ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹ̀rù ló ń bà á.”

Ó ya lẹ́tà náà, ó fún un ní bébà tuntun àti bírò.