Ìgbà Wo Ló Dún?

Ọkùnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é gbẹ̀yìn. Etí-Ehoro ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: ETÍ-EHORO, MẸKÁNÍÌKÌ DÍSẸ̀LÌ. Wọ́n ya ehoro kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yà á kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n yà, ehoro náà sì fi ojú jọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gùn. Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò dá wá bá a, kò ní ṣí nǹkan kan. Á mú súkúrú-díráfà kan tó gùn tó apá ènìyàn, á fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti ihò etí, á sì dijú. Gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Nígbà tó bá yá, Etí-Ehoro á la ojú bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, á ní, "Nọ́sùlù kẹta ni." Bí wọ́n bá sì tú àwọn ẹnu tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, nọ́sùlù kẹta náà ni.

Nítorí ẹ̀bùn yìí, àwọn nǹkan kan wà tó kà sí iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí àwọn mẹkáníìkì yòókù bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, ìyẹn bẹ́líìtì eléyín tó ń mú kí irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ láìjà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun sàmì sára àwọn wíìlì tó gbé e. Bí wọ́n bá sì fi tuntun sí i tán, wọ́n á fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, ìyípo méjì gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Etí-Ehoro kì í sàmì, kì í sì í fọwọ́ yí nǹkan kan. "Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ló ń sàmì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Kó ṣáà ti sọ̀rọ̀, màá gbọ́."

Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún kan tí kò ti gbọ́ dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dáhùn, ìgbéraga ló rò pé ó jẹ́, torí ìyẹn kò ṣàjèjì sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ìgbéraga lọ. Etí-Ehoro náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti dá ọgbọ́n sí i. Á fi súkúrú-díráfà sétí, á dijú, á wá bi onímọ́tò léèrè jẹ́jẹ́ bíi dókítà: "Ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, kí lẹ ń gbọ́?" Onímọ́tò á ro ẹjọ́ títí, á fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àìsàn ọkọ̀ náà. Etí-Ehoro á la ojú. "Ohun témi náà gbọ́ nìyẹn."

Ọgbọ́n yìí ló ń jẹ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé ọkọ̀ wá.

Alágbàfọ̀ ni àbúrò yìí. Oṣù tó kọjá ni ilé ìwòsàn kan gbà pé kó máa bá àwọn fọ aṣọ ibùsùn. Ní agogo méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, aṣọ mímọ́ gbọ́dọ̀ ti délẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá dé, alágbàfọ̀ mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró. Bọ́ọ̀sì dísẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì ní. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kú, iṣẹ́ náà kú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o." Ó na bẹ́líìtì tuntun sí i nínú páálí rẹ̀. "Agogo méjì ni wọ́n ń retí mi o."

"Agogo méjì? Kí agogo méjìlá tó lù, wàá ti délé, wàá ti sùn, wàá ti jí."

"Má purọ́ fún ọmọ ìyá ẹ," fọkanáísà dá sí i láti orí àpótí tó jókòó lé. "Àná lo ní kí n fún ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣì ń dúró."

"Gbájú mọ́ táyà ẹ. Ẹni tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́ jẹ kì í dá sí ọ̀rọ̀ tó wúwo."

"Atẹ́gùn náà ni ìwọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Tèmi tiẹ̀ ń wọnú táyà."

Àbúrò rín ẹ̀rín. Etí-Ehoro kò rín in, torí kò gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ó tú ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó dẹ irin tó ń fa bẹ́líìtì le, ó sì fa bẹ́líìtì ògbólógbòó náà yọ. Bó ṣe fà á yọ, nǹkan kan dún kọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Àbúrò gbójú sókè. Fọkanáísà gbójú sókè. Etí-Ehoro ń kọrin lábẹ́nú, ó ń nu ọwọ́. Àwọn méjèèjì rò pé bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń dún nìyẹn, wọ́n bá padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí agogo méjìlá ààbọ̀ fi lù, bẹ́líìtì tuntun ti wà níbẹ̀, ó le dáadáa. Àbúrò ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò. "Kí n ṣáná sí i?"

Etí-Ehoro mú súkúrú-díráfà rẹ̀, ó fi kan ẹ́ńjìnnì, ó ti ìdí rẹ̀ sétí, ó dijú. Ibi tó ti dijú ni ẹ̀rù ti bà á. Láàárọ̀, kí wọ́n tó pa ọkọ̀ náà, ó ti gbé irin yìí sétí, ohun tó sì gbọ́ kò ju ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lára ògiri lọ. Onímọ́tò tòní kì í sì í ṣe ẹni tó lè fi ọgbọ́n bi léèrè. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, písítìnì tí irin ìsàlẹ̀ ń tì ń gòkè bọ̀, fáàfù tí irin òkè ń tẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ojú kan náà làwọn méjèèjì sì ń dé. Bẹ́líìtì yìí nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bó bá ti ṣì jókòó, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà bá sọ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀.

Ó la ojú, ó rí ìka àbúrò rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́, ìka tí omi ọṣẹ ti mú hunjọ bí ewé gbígbẹ.

"Dúró ná," ó ní. Ó lọ mú sípánà ọlọ́wọ́ gígùn.

Fọkanáísà dìde lórí àpótí. "Ẹ gbà mí o! Etí-Ehoro fẹ́ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì! Ṣé ara ẹ yá báyìí?"

Gbogbo ojú rẹ̀ gbóná. Ì bá ju sípánà náà sílẹ̀, kó ní òun kàn ń wá nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ó fi há ìdí irin ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ìyípo àkọ́kọ́ tó pé, sípánà dúró gbagidi. Kì í ṣe bí nǹkan tó le, tí a lè fi agbára tì. Bí ẹni tó rìn kan ògiri ni. Kò tì í.

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ó ti kan." Ó ń wo wíìlì òkè bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ purọ́ fún. "Irin òkè ti kúrò níbi tó wà. Mi ò sì fọwọ́ kàn án. Kò yé mi."

"Àbí ìgbà tó dún kọ́ yẹn ni?"

"Ìgbà wo ló dún?"

Fọkanáísà tó ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín pa á dé. Àbúrò sọ nǹkan kan láti ibi tó jókòó; ó rí i pé ẹnu òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń wò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ìgbà tẹ́ ẹ yọ bẹ́líìtì. Ó dún dáadáa. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ."

Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ní ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì. Ọgbọ̀n ọdún ni Etí-Ehoro fi gbọ́ ìró kọ́ yẹn, tó ń mọ̀ pé irin òkè ti fò, tó sì ń dá a padà sáyè rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìró yẹn ni ọ̀dà funfun tirẹ̀.

Ó tú bẹ́líìtì náà padà. Ó fi àkísà nu gíríìsì ojú àwọn wíìlì, ó sì rí àmì kékeré tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti gbẹ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀, èyí tí kò fojú wò rí. Kò hàn dáadáa.

"Ta ló ní ọ̀dà?"

Fọkanáísà mi orí pé kò sí. Àbúrò tú báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan jáde.

"Kútẹ́ẹ̀sì? Lára ẹ́ńjìnnì mi?"

"Ẹ́ńjìnnì mi ni."

Ó kun àmì náà pupa. Ó to wíìlì sójú àmì, ó gbé bẹ́líìtì sí i, ó yí i lọ́wọ́: ìyípo kan, ìyípo méjì. Kò kan nǹkan kan. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá torí pé ó dùn mọ́ ọn. Àbúrò ṣáná sí i ní agogo kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ náà sì dìde. Etí-Ehoro fi súkúrú-díráfà kan ẹ́ńjìnnì. Kò gbé e sétí mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ti ìdí rẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń dún?" ó béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mọ̀ ló ṣe béèrè.

Àbúrò tẹ́tí. "Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọn ò ki aṣọ kún jù."

Ó dijú, ó mi orí. "Ó dáa nìyẹn."

"Lọ́jọ́ Ajé, èmi pẹ̀lú yín là ń lọ sílé ìwòsàn yẹn. Wọ́n ní dókítà etí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Òun ló máa bi yín pé kí lẹ ń gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan tó wá pààrọ̀ bẹ́líìtì rí kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú àpótí irinṣẹ́, ó béèrè ohun tó wá síbẹ̀. Etí-Ehoro na ara rẹ̀ gbọọrọ. "Ìlànà tuntun ni. Etí ń gbọ́ èyí tó ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ló ń gbọ́ èyí tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Fọkanáísà ti pa ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi ojú sí táyà tó ń lẹ̀, ó sì dojú àpótí ìjókòó rẹ̀ kọ ibi tí Etí-Ehoro ti lè máa rí i. Nígbà tí bẹ́líìtì oníbàárà náà yọ, tí nǹkan sì dún kọ́, ó na ìka kan sókè.