Ojú Aláwọ̀ Ewé Nínú Tẹlifíṣọ̀n Bàbá

Ẹni tó bá ní obìnrin ò lè tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, kó lọ béèrè ní Akanran. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Mùjíbátù fi kọ́ṣẹ́ ní Ọlọ́runṣògo kó tó gba fúrídọ̀mù. Síbẹ̀, Gàfárù bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tẹ́nu rẹ̀ le bí èkùrọ́, kò jẹ́ kó kọ ohunkóhun sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́dún 1993, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tí bàbá fowó kòkó rà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ojú ẹni tó ń ka ìròyìn pọ́n lápá kan, ó dàwọ̀ ewé lápá kejì.

“Tún un ṣe,” ni bàbá wí. “Bápá rẹ ò bá ká a, ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, kóo wá bá ìyá rẹ yan gàrí.”

Mùjíbátù gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tàn án, àwòrán mọ́ gaara. Ó gbé e padà sílé tayọ̀tayọ̀, ó tàn án, ewé ti tún hù lójú oníròyìn! Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e bọ̀. Ó wá dà bíi pé ó ti ń gbóòórùn gàrí.

Àìsàn tí kì í bá èèyàn ròde, ilé ló ń gbé. Bó ṣe rò ó báyìí ló yéé wo tẹlifíṣọ̀n, tó wá ń wo yàrá. Sípíkà ńlá mọ́sálásí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Nítorí olè ni wọ́n ṣe gbé e wá síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, torí nǹkan Ọlọ́run ni. Mùjíbátù pàápàá ti ń yẹra fún un.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé sípíkà yìí kúrò.”

“Ṣé àdúrà ló ń ba àwòrán jẹ́ ni?”

“Rárá o, Bàbá. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, irin tó ń fa irin, ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì yìí ni àwọn ẹlẹ́kítírónì ti ń sáré bọ̀ wá síwájú, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Oníkálukú ló ní ibi tó yẹ kó bà. Mágínẹ́ẹ̀tì ń fà wọ́n kúrò lọ́nà, èyí tó yẹ kó ba pupa wá ń ba àwọ̀ ewé.”

Bàbá dìde. Ó ní “Bísímílláì,” ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sípíkà náà lọ sí yàrá kejì. Mùjíbátù pa tẹlifíṣọ̀n, ó jẹ́ kó tutù, ó tún un tàn. Ojú oníròyìn dúdú, ó ń dán, bí ojú ọmọ èèyàn.

Inú Mùjíbátù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ò yìn ín. Ó jókòó, ó gbọ́ ìròyìn tán.

“Kí lo ní o fẹ́ kọ sára pátákó yẹn?”

“Mùjíbátù ni, Bàbá.”

“Fi Gàfárù kún un.”