Dúdú Tó Mọ́ Jù

Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa yọ̀ nínú yàrá tí mo ti ń ka àwòrán inú ara àwọn aláìsàn. Dókítà imú mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó pàtẹ́wọ́.

"Ó ti mọ́!" ni ó wí, ó ń nàka sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ wo bó ṣe dúdú. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Oògùn ti ṣiṣẹ́."

Orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni à ń wò, èyí tí ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n ń pè ní MRI ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra. Nígbà tí imú rẹ̀ wá dí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ń ta á bí iná, èmi ni mo fà á wá síbí. Èbu ló ń bà mí lẹ́rù, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Lára ẹni tí ṣúgà pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, ó lè hù nínú imú, kó jẹ ẹran, kó jẹ egungun, kó sì gba ibẹ̀ dé ojú àti ọpọlọ.

Nínú àwòrán wa, dúdú ni afẹ́fẹ́. Bí ihò egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bá dúdú, àlàáfíà nìyẹn. Kí n má purọ́, inú èmi náà fẹ́ẹ́ dùn. Àmọ́ dúdú yẹn mọ́ jù. Mo fa àwòrán àná jáde, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní CT yà, tí kì í fi afẹ́fẹ́ tan ènìyàn jẹ. Ihò kan náà ló kún fọ́fọ́. Ta ló wá kó o kúrò láàárín àná sí òní?

Mo tún padà sí àwòrán tòní. A ti fa oògùn kan sí i lára kí a tó ya tòní, oògùn tó máa ń mú gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn tàn. Ẹran inú imú rẹ̀ lápá òsì tàn yòò. Tọ̀tún ò tàn rárá. Ó kàn wà níbẹ̀, kò dín, kò lé, bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀ tí àwọn onílé sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, kì í ṣe afẹ́fẹ́," ni mo wí. "Ẹran tó ti kú ni. Èbu ló sì kún inú ihò yẹn. Òun náà máa ń dúdú lójú ẹ̀rọ yìí."

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú," ni ó wí. "A ní láti gé ẹran náà kúrò lónìí. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi yẹtí rẹ̀ sí etí padà.

"Onífọ́tò!" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Ṣé mo rẹwà nínú fọ́tò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran ti kú nínú imú yín, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lónìí."

"Abẹ kẹ̀? Kò dùn mí mọ́. Àtàárọ̀ ni ìrora yẹn ti lọ."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Iṣan tó ń gbé ìrora ló ti kú."

"Ìwọ yìí! Láti kékeré lo ti máa ń rí iwin níbi tí kò sí nǹkan kan." Ó mú báàgì rẹ̀. "Mò ń lọ sílé jàre."

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Bó bá fi lè jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé padà wá. Mo mú abẹ́rẹ́ tuntun, mo ya ọ̀rá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gún yín lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Tó bá dùn yín, èmi fúnra mi ni màá gbé yín délé."

Kò sóhun tí ẹ̀gbọ́n mi kórìíra tó abẹ́rẹ́. Síbẹ̀ ó jókòó, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo sún mọ́ ọn.

"Ó yá," ni ó wí, ó ṣì dijú. "Gún un, má fi mí ṣeré. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mo mú ìka rẹ̀, mo fi kan abẹ́rẹ́ tó ti dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, láti ìdí rẹ̀ dé ibi tó ti wọ ẹran.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "sọ fún wọn kí wọ́n wá gé e."