Igi Iwájú Ilé Àníkẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan sọ àpò èkùrọ́ kalẹ̀ níwájú ilé Àníkẹ́, ó nu òógùn ojú, ó sì fi Mina, èdè àwọn ará Lomé, bèèrè ibi tí òṣùwọ̀n wà. Ó rò pé magasáànì ni, ilé tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù sí. Àníkẹ́ sọ fún un pé ilé ni, pé ènìyàn ń sùn níbẹ̀. Ọkùnrin náà wo ògiri funfun gbọọrọ náà tòkè tilẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó gbé àpò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n kó sí ilé yẹn, ní Aflao-Gakli, lójú ọ̀nà tí àwọn ará oko ń gbà wọ Lomé. Ìbítóyè, ọkọ Àníkẹ́, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Bíríkìlà ni, ọmọ Ọ̀yọ́. Àwọn Faransé tó gba ìlú lẹ́yìn àwọn Jámánì kò jẹ́ kó ráyè, ọ́fíìsì lónìí, ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló fi ń mọ tirẹ̀. Amọ̀ ni ògiri náà. Ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó fi ẹfun kùn ún, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bó bá ń wọlé. Ṣùgbọ́n láti ẹsẹ̀ ògiri dé títì, iyanrìn lásán ni.

"Bàbá Mojí, mo fẹ́ gbin igi òdòdó sí ẹsẹ̀ ògiri," ni Àníkẹ́ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbítóyè dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Ẹsẹ̀ ògiri amọ̀? Kí o máa da omi sí i láàárọ̀, kí o dà á nírọ̀lẹ́, kó lè wó lù wá?"

"Àwọn òyìnbó ń gbìn ín sí ẹsẹ̀ ilé tiwọn."

"Òkúta ló wà nísàlẹ̀ tiwọn. Èmi ni mo mọ ọ́n, ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó yá, Ìbítóyè jáde, ó fi igi fa ìlà kan sórí iyanrìn, níbi tó jìnnà sí ògiri dáadáa. Ó ní, "Má gbin ohunkóhun kọjá ìlà yìí sọ́dọ̀ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni ògiri.

Delphine, ọ̀rẹ́ Àníkẹ́ tó ń fọṣọ fún tọkọtaya Faransé kan létí òkun, gé ẹ̀ka igi òdòdó pupa wá fún un. Àníkẹ́ gbìn wọ́n, wọ́n sì yọ ewé. Òdòdó àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là ni ewúrẹ́ Bàbá Sàká dé. Ọmọ Ìlọrin ni Sàká, ó ń ta obì lọ́jà, ilé rẹ̀ ló wà ní ìdojúkọ tiwọn. Kí Àníkẹ́ tó ti ẹ̀yìnkùlé dé, igi ti di kùkùté.

"Ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀, Bàbá!"

"Ewúrẹ́ ni, ìyàwó. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ni kó ṣe?" Sàká sì ń rẹ́rìn-ín.

Àníkẹ́ gbin òmíràn, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ há wọn mọ́. Ìbítóyè dé láti ibi iṣẹ́, ó bi í léèrè bóyá adìẹ ló fẹ́ máa sìn. Ewúrẹ́ kò rí wọn jẹ mọ́, ṣùgbọ́n omi kànga wọn níyọ̀. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rẹ̀ dànù. Bó ṣe ń bomi rin wọ́n tó ni wọ́n ń kú tó. Àníkẹ́ fa gbogbo wọn tu, ó sì jù wọ́n sórí títì.

Àmínátù, ìyàwó Sàká, ló pè é. "Ìyá Mojí, làálì ni kí o gbìn. Ó wà lẹ́yìnkùlé wa, àwọn ewúrẹ́ yìí kì í fẹnu kàn án. Kò bínú oòrùn, kò bínú iyanrìn." Ó gé ẹ̀ka rẹ̀ fún un ní ìdì kan, kò sì gba nǹkankan.

Làálì gbà. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dá, ó ti ga dé ìbàdí, ó yọ òdòdó wẹ́wẹ́ tó ń ta sánsán ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: "Bọ̀njúù, ilé yín mà dára o." Àníkẹ́ gbé àpótí síta, ó ń jókòó níbẹ̀. Ìbítóyè pàápàá gbé tirẹ̀ síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àníkẹ́ ń ti ọjà Adewui bọ̀, ó sì bá àwọn obìnrin níwájú ilé pẹ̀lú abọ́. Àmínátù ni olórí wọn. Ọ̀pá lásán ló kù nínú gbogbo igi náà.

"Ìyá Sẹ̀kínátù, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Ìgbéyàwó Sẹ̀kínátù ọmọ mi kù sí dẹ̀dẹ̀, tiwa kò sì tó. Kí ni wọ́n tún ń fi làálì ṣe?"

"Wíwò ni mo gbin tèmi fún!"

"Wíwò?" Àwọn obìnrin náà wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Àmínátù ní, "Èmi mà ni mo fún ọ."

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, nítorí òótọ́ ni. Ó wọlé, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Kò lọ síbi ìgbéyàwó náà. Nígbà tí Ìbítóyè dé tó rí àwọn ọ̀pá náà, ó pariwo, "Ta ló tú igi wa sí ìhòòhò?" Àníkẹ́ kò mọ ìgbà tó di "igi wa."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Sẹ̀kínátù ìyàwó tuntun wá kí i. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, làálì ti mú kí wọ́n pọ́n bí ẹ̀yinná, iṣẹ́ ọnà wà lára wọn dé ọrùn ọwọ́. "Tiyín ni, Mà."

Àníkẹ́ wò ó títí. Ó fẹ́ bínú, kò rí i ṣe. "Ó dára," ló wí. Ó dùn ún pé ó dára.

Igi náà tún rú, ó sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àníkẹ́ kọjá sí ilé Sàká ní ìdojúkọ, ó bá Àmínátù jókòó, wọ́n sì fẹnu kò. Ẹni tó bá fẹ́ làálì, kó máa já a láti ẹ̀yìn, níhà ògiri. Níhà títì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Inú Ìbítóyè dùn, ó ní afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ sí ògiri òun.

Ó tó oṣù bíi mélòó kan tí àdéhùn náà fi dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Àníkẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì rí ihò kan lára làálì náà níhà títì, ó fẹ̀ tó fèrèsé. Ó bèèrè ní ilé Sàká. Wọ́n búra pé àwọn kọ́. Ó bèèrè lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló pọ́n.

Ó padà sílé, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá àwọn ewé tó já bọ́ sílẹ̀ jọ.