Abẹ́rẹ́ Kò Bínú

3.

…ó sì parí rẹ̀ báyìí: “Ẹ ṣeun fún gbogbo ìfẹ́ yín, Màmá mi ọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.”

Mo fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lójú fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é. Aṣọ ló ń rán, ẹnu rẹ̀ sì mú. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò pè mí ní ọ̀wọ́n rí.


4. OHUN TÍ ABẸ́RẸ́ MÁA Ń KỌ SÍ MI TẸ́LẸ̀

Ṣé ẹ ti lo oògùn, àbí ẹ tún jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ta ló ní kí ẹ gun àga?

Màmá, “hùn” kọ́ ni ìdáhùn.

Mò ń bọ̀. Ẹ má se nǹkan kan o. (Kí n se é ló ń wí.)


5.

Wọ́n la Abẹ́rẹ́ lọ́fun ní ọsibítù, níbi tó jìnnà. Àkọ́bí mi, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé, ló lọ dúró tì í. Nígbà tó dé, ó ní gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ohùn nìkan ló lọ. Ó ní Abẹ́rẹ́ ò lè pè mí mọ́, àfi kó máa kọ̀wé.

Ó wọ balùwẹ̀. Omi ń ṣàn, ó pẹ́.

Ó jáde, ara rẹ̀ gbẹ.


5, lẹ́ẹ̀kan sí i. ṢỌ́Ọ̀BÙ ATÚNFÓÒNÙṢE

(Ojúlówó la sọ ọ́, torí kò sí ẹ̀yà fóònù tó ń tà tí kò ní pè ní ojúlówó. Ó ní nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ bóyá èèyàn ló kọ ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀rọ.)

OJÚLÓWÓ: Àwọn ti tẹ́lẹ̀ yìí, ó ní èèyàn ni. Ti ìsinsìnyí, ó ní ẹ̀rọ ni.

ÈMI: Kì í parọ́?

OJÚLÓWÓ: Ẹ jẹ́ ká fi tiyín dán an wò. Èyí tí ẹ kọ sí i lánàá.

ÈMI: Ó yá.

OJÚLÓWÓ: Ó ní ẹ̀rọ lẹ̀yin náà, Màmá.

ÈMI: Ẹ̀rọ tí orúnkún ń dùn.

OJÚLÓWÓ: Ẹ má gbára lé e. Ó máa ń ṣì í.

Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.


6.

(Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí Abẹ́rẹ́, mo sì pa á rẹ́.)


7. OHUN TÍ MO FI RÁNṢẸ́

“Abẹ́rẹ́, mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó rà á ti gbé e lọ.”

Irọ́ ni. Òun ló fi kọ́ṣẹ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan bàbá rẹ̀ tó rà á. Mo ń retí kó bi mí bóyá orí mi pé.


8. ÈSÌ

“Kò burú rárá, Màmá mi. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àlàáfíà yín.”


9.

Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà. Mo faṣọ bò ó.


10.

ÈMI: Àkọ́bí, ṣé àbúrò rẹ ń jẹun?

ÀKỌ́BÍ: Dáadáa, Màmá.

ÈMI: Kí ló jẹ?

ÀKỌ́BÍ: Ẹran.

ÈMI: Pẹ̀lú ọ̀fun tí wọ́n là.

ÀKỌ́BÍ: …Wọ́n lọ̀ ọ́ fún un ni.

ÈMI: Wọ́n kúkú ṣeun.

Fóònù méjì ló wà lápò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni.


11.

Àkọ́bí ti rù. Kì í sùn. Ó rò pé tí òun bá sọ ọ́, èmi náà á bá Abẹ́rẹ́ lọ.

Tí mo bá ní mo mọ̀, ó parí nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, Abẹ́rẹ́ ṣì ń kọ̀wé sí mi.

Tàbí kẹ̀, ó wà láyé, àìsàn ló rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ojúlówó ṣáà ní ó máa ń ṣì í.


12.

Àkọ́bí wà ní pálọ̀. Èmi wà ní yàrá mi, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mo kọ ọ́, ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán:

“Abẹ́rẹ́, mo ti gbọ́. Má dá eléyìí lóhùn. Lọ sinmi.”

Mo fi ránṣẹ́.

Kò sí ariwo kankan ní pálọ̀.

Lójú fóònù:

     Abẹ́rẹ́ ń kọ̀wé . . .

Ó dáwọ́ dúró.

     Abẹ́rẹ́ ń kọ̀wé . . .