Ẹ̀gbọ́n ní Ìjókòó Àdéhùn

Ràṣídì fọwọ́ lu tábìlì. “Orílẹ̀-èdè mi kò ní í ṣí omi náà.”

Ahmad, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó ní òdìkejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ara Ràṣídì balẹ̀.

Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe, ní kíláàsì dìgírì kejì, nínú ẹ̀kọ́ àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ní yunifásítì kan ní Ẹdẹ. Ràṣídì ń ṣojú orílẹ̀-èdè tó sé odò lókè. Ahmad ń ṣojú èyí tí ọ̀dá ń pa nísàlẹ̀. Bàbá Ọláníyan, tó ti ṣe aṣojú ìjọba lókè òkun kó tó fẹ̀yìn tì, ni adájọ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ aṣojú ní Àbújá. Ẹnì kan péré.

Ràṣídì ló kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ yìí. Òun ló fi ọ̀kadà gbé Ahmad wá forúkọ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Ahmad fi gbawájú rẹ̀. Nílé, Ìyá Àwáwù tó tọ́ àwọn méjèèjì ti ń pe Ahmad ní “Àńbásádọ̀ mi.” Bí wọ́n bá rí Ràṣídì, wọ́n á ní, “Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?” Ó máa ń ta á bí ata ojú.

“Ẹ ṣí ìdajì fún wa,” ni Ahmad wí. “Ẹran wa ń kú.”

“Ẹ gbẹ́ kànga.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ahmad tún gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀, Bàbá Ọláníyan sì mi orí pé ó dára. Orí mímì yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

“Ahmad, mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí.”

Ahmad dìde, ó yí tábìlì po, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

“Òótọ́ ni, bùrọ̀dá mi. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú. Òùngbẹ ń gbẹ àbúrò yín.”

“Dìde.”

“Ó di ìgbà tí ẹ bá fún mi lómi.”

“Bùrọ̀dá, ẹ dá a lóhùn,” ni Fawziyah, ọmọ kíláàsì wọn, wí láti ẹ̀yìn. “Àbí ẹ fẹ́ kó sùn síbẹ̀ ni?”

Ràṣídì wo ilẹ̀. Ta ni wọ́n bí ní Ẹdẹ tí yóò pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, tí àbúrò yóò dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ayé, tí yóò ní òun kò gbọ́? Ẹnu rẹ̀ ló fi de ara rẹ̀.

“Mú ìdajì.”

Ahmad kò dìde. “Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?”

“Mú un náà.”

Bàbá Ọláníyan ní Ahmad ni yóò lọ. Ràṣídì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, eyín rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Ahmad wọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ibùsùn méjì ló kù nínú yàrá wọn, àti Ràṣídì nìkan.